Sísọ kẹ̀kẹ́ résà àtijọ́ di fixie ní Ilé-Ifẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi ṣáá, láti Lágèéré títí wọ inú ọgbà OAU. Mo kó wọn jọ síbí, kí ẹni tó bá tún béèrè lè wá kà á. Àwọn tó rọrùn ló wà lókè, àwọn tó takókó wà nísàlẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní fixie gan-an?

Kẹ̀kẹ́ tí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ (irin eléyín tí ṣéènì ń yí) dè mọ́ họ́ọ̀bù (àárín wíìlì) pinpin ni. Kò ní fíríwíìlì, ìyẹn ohun tó máa ń dún tíkítíkí nígbà tí ẹ bá dá ẹsẹ̀ dúró tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń sáré lọ. Lórí fixie, bí wíìlì ẹ̀yìn bá ti ń yí, pẹ́dàlì ń yí, ẹsẹ̀ yín náà ń yí. Tí ẹ bá fẹ́ kó rọra, ẹ ó fi ẹsẹ̀ tako pẹ́dàlì tó ń bọ̀ lókè. Tí ẹ bá ti kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn, pẹ́dàlì á yí sẹ́yìn.

Ẹ má pe gbogbo kẹ̀kẹ́ géà kan ní fixie o. Raleigh ńlá tí àwọn bàbá wa ń gùn re oko kòkó, géà kan ló ní, àmọ́ fíríwíìlì wà lára rẹ̀. Bí bàbá bá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni.

Kí ló dé tí èèyàn á fi yọ géà lára kẹ̀kẹ́ tó ní géà mẹ́wàá?

Lára tòkunbọ̀ tó ń wọlé, géà ló máa ń kọ́kọ́ kú. Wáyà ti dípẹtà, apá tó ń gbé ṣéènì láti eyín kan bọ́ sí òmíràn ti tẹ̀, ẹ ó sì wá pátì rẹ̀ káàkiri Ifẹ̀ kí ẹ tó rí èyí tó bá a mu. Tí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ dànù, ohun tó lè bàjẹ́ á dín kù, kẹ̀kẹ́ á sì fúyẹ́ sí i.

Ìdí kejì ni pé ó dùn ún gùn. Ẹsẹ̀ yín á máa mọ ohun tí ilẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé fixie yára ju kẹ̀kẹ́ géà lọ ní ìgboro, irọ́ ló ń pa.

Tí mo bá ṣe é tán, ṣé ó ti di kẹ̀kẹ́ pápá bíi ti Òlíńpíìkì nìyẹn?

Rárá. Kẹ̀kẹ́ pápá ti yàtọ̀ láti orí férémù: ẹnu tí ásùlù ẹ̀yìn (irin tó gba àárín wíìlì kọjá) ń wọ̀ kọjú sẹ́yìn gbọnrangandan, ibi tí kíráǹkì (apá irin tí pẹ́dàlì so mọ́) wà ga sí i kí pẹ́dàlì má baà gbálẹ̀ lórí pápá tó dagun, kò sì ní bíréèkì rárá. Tiyín á jẹ́ kẹ̀kẹ́ títì tó ń ṣe bíi kẹ̀kẹ́ pápá. Ní àárín ìlú, ìyẹn gan-an ló dáa jù, nítorí ihò bíréèkì ṣì wà lára fọ́ọ̀kì rẹ̀.

Pápá eré kẹ̀kẹ́ kan wà ní Àbújá, nínú ọgbà pápá ìṣeré Moshood Abiola. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ irú ibẹ̀ wọ́n débi pé nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ lójijì fún Ese Ukpeseraye, obìnrin wa tó ń gun kẹ̀kẹ́ eré, láti díje lórí pápá ní Òlíńpíìkì Paris 2024, kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Jámánì yá a ló gùn fún Nàìjíríà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta fixie àtúnṣe fún yín lówó kẹ̀kẹ́ pápá.

Kẹ̀kẹ́ wo ni kí n rà, kí sì ni kí n yẹ̀ wò lára rẹ̀?

Résà onírin àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe kí férémù alumíníọ́ọ̀mù tó gbòde. Raleigh, Peugeot, àti àwọn tí orúkọ ara wọn ti pa rẹ́. Ẹ má wo ọ̀dà. Ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ wo ẹnu férémù níbi tí ásùlù ẹ̀yìn ń wọ̀. Tí ẹnu náà bá nà síwájú tàbí sẹ́yìn, tó fún ásùlù láyè láti rìn síwá-sẹ́yìn, ẹ rà á. Tó bá jẹ́ pé, bó ṣe dorí kodò yẹn, òkè ni ásùlù ń gbà wọlé tààrà, tí kò lè sún kankan, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣéènì fixie kò ní ohun tó ń fà á le àfi kí ẹ sún wíìlì fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ̀lé férémù nísàlẹ̀ ibi tó ti pàdé páìpù orí, níbi tí fọ́ọ̀kì wà. Tí ẹ bá kan ibi tó wú díẹ̀ tàbí tí ọ̀dà ti là bí ìlà tín-ínrín, kẹ̀kẹ́ náà ti kọlu nǹkan rí. Ẹ tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá fọ́ọ̀kì ti tẹ̀ sẹ́yìn. Ìpẹtà ojú ara kò ṣe nǹkan kan, ẹ lè fi sáńpépà há a. Èyí tó ti jẹ wọnú, tí ẹ bá fi kọ́bọ̀ kàn án tó ń dún bọ̀ọ̀, ẹ kúrò nídìí rẹ̀.

Ọ̀kan péré nípa Peugeot àtijọ́: ìwọ̀n tẹ́rẹ́dì (ìlà wíwé tí irin kan fi ń wọ inú òmíràn) ti Faransé ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, kò bá pátì tó kù mu. Tí bẹ́árìn kíráǹkì rẹ̀ bá ṣì dáa, ẹ rà á. Tó bá ti mì, ẹ kọ̀ ọ́. Raleigh àtijọ́ náà ní tẹ́rẹ́dì tirẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀, àmọ́ pátì Raleigh ṣì ń bọ́ sọ́wọ́ nílẹ̀ wa.

Ṣé kẹ̀kẹ́ olóríṣiríṣi géà tí táyà rẹ̀ nípọn, ti orí òkè yẹn, lè ṣe é?

Púpọ̀ nínú wọn, ẹnu férémù wọn kọjú sísàlẹ̀, ásùlù kò lè sún. Ẹ gùn ún bó ṣe wà.

Ibo ni owó máa ń lọ jù?

Wíìlì ẹ̀yìn. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, fixie náà ò sì yàtọ̀: ibi tí owó ti ń pa á nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lè pọ̀ọ́kú, ẹ lè ti ní ṣéènì nílé, sípánà ẹ lè yá. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù tó ní tẹ́rẹ́dì méjì kì í sí lórí àtẹ ní Sábó tàbí Ọjà Tuntun. Èkó ni wọ́n ti máa ń bá èèyàn gbé e wá, tàbí kí ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ẹ ó wá ẹni tó mọ sípókù í hun.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tọ́jú owó wíìlì yìí kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ra kẹ̀kẹ́ tán, tí wọ́n kun ún ní pupa, tí wọ́n ra háńdù tuntun, tí owó wá tán nígbà tó kan wíìlì. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń wá gbé e lọ bá wẹ́dà.

Kí ló burú nínú kí wẹ́dà kàn jó fíríwíìlì pa?

Gbogbo èèyàn ló ń béèrè èyí, torí ó pọ̀ọ́kú, wẹ́dà sì wà ní gbogbo kọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé tí wọ́n bá jó fíríwíìlì pa, kò ní lè yí lófo mọ́. Tí ẹ bá ń tẹ pẹ́dàlì síwájú, ohun gbogbo á dára. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tako ó. Fíríwíìlì kàn wé mọ́ họ́ọ̀bù nípa tẹ́rẹ́dì ọwọ́ ọ̀tún ni. Bí ẹ bá ń tẹ̀ síwájú, ó ń le sí i. Bí ẹ bá ń tako pẹ́dàlì, ńṣe ni ẹ ń tú u. Kò sì sí ohunkóhun tó dì í mú.

Ọjọ́ tó bá tú, kì í ṣe ìgbà tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí ẹ nílò àtidúró jù lọ ni, nítorí ìgbà náà ni ẹ tako ó pẹ̀lú gbogbo agbára. Pẹ́dàlì á yí sẹ́yìn lófo, kẹ̀kẹ́ á máa lọ. Tí ẹ bá kọ̀ jálẹ̀ pé wẹ́dà ni ẹ fẹ́, bíréèkì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ má sì fi ẹsẹ̀ tako ó rárá.

Kí ni họ́ọ̀bù pápá ní tí tèmi kò ní?

Tẹ́rẹ́dì méjì, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré díẹ̀. Èyí tó tóbi ni sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ń wọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbà dè. Èyí tó kéré wà lóde rẹ̀, lọ́ọ̀kì-ríǹgì, ìyẹn ríǹgì tó ń di sípírọ́kẹ́ẹ̀tì mú, ló ń wọ ibẹ̀, ọwọ́ òsì ni òun sì ń gbà dè. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ tú nígbà tí ẹ ń tako pẹ́dàlì, ó máa ti lọ́ọ̀kì-ríǹgì lọ sí apá ibi tó ti ń le sí i. Ọ̀kan ń fẹ́ jáde, èkejì ń tì í padà.

Àwọn họ́ọ̀bù kan wà tó ní tẹ́rẹ́dì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: sípírọ́kẹ́ẹ̀tì àdèpa lápá kan, fíríwíìlì lápá kejì. Tí owó bá tó o, irú rẹ̀ ni kí ẹ rà. Lọ́jọ́ tí orúnkún bá ń ro yín, ẹ yí wíìlì padà kí ẹ máa gùn ún bíi kẹ̀kẹ́ gbogbo ayé.

Rẹ́páírà kan sọ pé òun lè fi ríǹgì bẹ́árìn kíráǹkì dì í mú lórí họ́ọ̀bù lásán. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé ó máa wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n tẹ́rẹ́dì fíríwíìlì àti ti ríǹgì tó ń dì bẹ́árìn kíráǹkì mú lára ọ̀pọ̀ résà dọ́gba: íǹṣì 1.37, tẹ́rẹ́dì 24 nínú íǹṣì kan. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì á kọ́kọ́ wọlé, ríǹgì á tẹ̀lé e.

Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn méjèèjì ń gbà dè. Bí ọ̀kan bá tú, èkejì á bá a tú. Àwọn òyìnbó kúkú ń pe irú họ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ẹni tó pa ara rẹ̀. Àwọn kan fi gọ́ọ̀mù tẹ́rẹ́dì lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì ń gùn ún fún ọdún mélòó kan. Èmi ò ní gbé e fún ọmọ ẹni tí mo mọ̀, àyàfi tí bíréèkì iwájú tó múná bá wà níbẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n fi bíréèkì sí i? Àwọn tí mò ń rí nínú fídíò kò ní.

Dandan ni. Bíréèkì iwájú, ó kéré tán. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ dúró, ìwúwo yín máa ń rọ́ síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́. Nítorí náà, bó ti wù kí itan yín lágbára tó, táyà ẹ̀yìn á kàn yọ̀ lọ ni. Táyà iwájú ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, ẹsẹ̀ yín kò sì lè débẹ̀.

Ẹ tún rántí pé ṣéènì lè já, tàbí kó yọ. Tó bá yọ lórí fixie tí kò ní bíréèkì, kò ku ohun kan tí ẹ lè fi dúró. Àwọn ọlọ́kadà Mayfair kì í wẹ̀yìn kí wọ́n tó yà. Tí ẹ bá fẹ́ dán ohun tí ẹ rí nínú fídíò wò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín kò yé mi.

Rọ́bà bíréèkì tuntun, wáyà tuntun: owó rẹ̀ kò tó nǹkan lára gbogbo ohun tí ẹ ó ná. Tí rímù bá jẹ́ onírin tó ń dán, ẹ mọ̀ pé kì í mú dáadáa nígbà òjò. Ti alumíníọ́ọ̀mù sàn jù ú lọ fíìfíì.

Eyín mélòó ni kí n fi síwájú, mélòó sẹ́yìn?

Ifẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sókè Ìtasẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ìbẹ̀rẹ̀ tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni eyín 42 síwájú, 17 tàbí 18 sẹ́yìn. Résà àtijọ́ púpọ̀ ní eyín 52 àti 42 níwájú, ẹ kàn máa yọ 52 dànù ni. Ẹ pín 42 sí 17, ẹ ó rí 2.47: wíìlì ẹ̀yìn á yí ìgbà 2.47 fún ìyípo pẹ́dàlì kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 5.2 lórí táyà 700C.

Àwọn ọmọkùnrin máa ń fẹ́ 48 pẹ̀lú 16, nítorí ó ń wuyì lẹ́nu. Mẹ́ta géérégé nìyẹn. Ó dùn ní Road 1 nínú ọgbà OAU tí ọ̀nà bá dá, ṣùgbọ́n ó ń pa orúnkún lórí òkè, ó sì ṣòroó fi ẹsẹ̀ dá dúró. Nígbà tí Eddy Merckx, ọ̀gá nínú eré kẹ̀kẹ́ láti Bẹ́ljíọ̀m, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nínú gígun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan ní Mexico City lọ́dún 1972, 52 pẹ̀lú 14 ló lò, ó sì rin kìlómítà 49.431. Merckx ni, orí pápá sì ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré.

Ṣéènì wo ni kí n rà?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì, tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ géà kan, àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, mẹ́ta nínú méjìlélọ́gbọ̀n íǹṣì, tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ géà púpọ̀. Èyí tó fẹ̀ á wọ eyín tó tẹ́ẹ́rẹ́, á kàn máa pariwo díẹ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè wọ eyín tó fẹ̀ láéláé. Ti Raleigh ńlá dára, ó sì wà lọ́jà.

Ẹ má fi ṣéènì àtijọ́ sórí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun. Á jẹ eyín rẹ̀ kó tó pẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ṣéènì lọ tààrà?

Ní iwájú, ẹ fi rúlà wọ̀n láti àárín páìpù ìjókòó dé àárín eyín. Ní ẹ̀yìn, ẹ wọn ibi tí họ́ọ̀bù fẹ̀ dé láti inú ẹnu férémù kan sí èkejì, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n tó wà láàrin inú ẹnu férémù àti àárín eyín ẹ̀yìn kúrò. Àpẹẹrẹ: họ́ọ̀bù 120 mm, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 60. Tí eyín bá jìnnà sí ẹnu férémù ní 18 mm, 42 ló kù. Ó yẹ kí iwájú náà jẹ́ 42 tàbí kó sún mọ́ ọn gidi. Milimítà kan tàbí méjì kò burú. Márùn-ún ti pọ̀ jù, ṣéènì á máa ké, yóò sì yọ lọ́jọ́ kan.

Lára kíráǹkì résà tó ní eyín méjì, ibi eyín kékeré ti inú ló sábà máa ń sún mọ́ 42 yẹn. Ẹ fi í síbẹ̀. Tí bóòtù bá ti gùn jù nítorí pé ẹ ti yọ èkejì, ẹ fi wáṣà sí i.

Férémù mi fẹ̀ ju họ́ọ̀bù lọ. Ṣé kí n fi agbára pa á pọ̀?

Ẹ má pa á pọ̀. Họ́ọ̀bù pápá jẹ́ 120 mm. Résà àtijọ́ tó ní géà márùn-ún lẹ́yìn sábà máa ń jẹ́ 120, èyí tó ní mẹ́fà tàbí méje 126, èyí tó ní mẹ́jọ 130. Tí tiyín bá jẹ́ 126, ẹ fi wáṣà onípọn 3 mm sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ásùlù, ó parí. Ẹ kàn rí i pé ásùlù ṣì gùn tó láti gba nọ́ọ̀tì dáadáa.

Ẹ lo ásùlù onínọ́ọ̀tì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ká. Agbára ẹsẹ̀ yín máa ń fa wíìlì síwájú, ó sì ń fà á sẹ́yìn. Sípánà 15 ló máa ń bá nọ́ọ̀tì náà mu jù, kí ẹ máa gbé e kiri nínú àpò.

Báwo ni kí ṣéènì le tó?

Ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ láàrin iwájú àti ẹ̀yìn. Ó yẹ kó lọ sókè sódò tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Tó bá le ju ìyẹn lọ, bẹ́árìn ń jìyà. Tó bá dẹ̀ jù, ó lè fò kúrò lórí eyín.

Ibi tó takókó rèé. Eyín iwájú àtijọ́ kì í yípo rébété. Ẹ gbé wíìlì ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa wo ṣéènì. Ẹ ó rí i pé ó ń le níbì kan, ó ń dẹ̀ níbòmíràn. Ibi tó bá ti le jù ni kí ẹ ti wọn sẹ̀ǹtímítà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ sún wíìlì, ẹ dè nọ́ọ̀tì apá ọ̀tún díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti táyà sí òsì, wíìlì á fà sẹ́yìn lápá kan. Ẹ dè nọ́ọ̀tì òsì, ẹ tú ọ̀tún, kí ẹ tì í sí ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ibi tó yẹ.

Táyà wo ló bá a mu? Fọkanáísà sọ pé íǹṣì 28 ni, ṣùgbọ́n kò wọ̀.

Nọ́ńbà ara táyà ń tan èèyàn jẹ. Ẹ wo nọ́ńbà mìíràn tí ìlà kékeré (-) wà láàrin rẹ̀, tó ń parí sí 622, 630 tàbí 635. Èyí tí wọ́n ń pè ní 700C jẹ́ 622. Résà àtijọ́ íǹṣì 27 jẹ́ 630. Raleigh ńlá íǹṣì 28 jẹ́ 635. Wọn kò lè pààrọ̀ ara wọn.

Tí kẹ̀kẹ́ yín bá jẹ́ ti 27 tí ẹ sì fẹ́ fi rímù 700C sí i, rọ́bà bíréèkì gbọ́dọ̀ lè sọ̀kalẹ̀ ní 4 mm. Ẹ wò ó kí ẹ tó san owó rímù. Ní ti fífẹ̀, tí férémù bá gbà á, ẹ lo 28 mm tàbí 32 mm. Ihò ojú títì wa kò mọ̀ pé ẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ eré.

Ṣé mo lè gùn ún pẹ̀lú bàtà sílípáàsì àti ṣòkòtò tó fẹ̀?

Ẹ má dán an wò. Tí ṣòkòtò bá há sáàrin ṣéènì àti eyín lórí kẹ̀kẹ́ lásán, ẹ ó dá ẹsẹ̀ dúró. Lórí fixie, ẹsẹ̀ kò lè dúró, ṣéènì á máa fà á wọlé ni. Ẹ ká a sókè, kí ẹ fi okùn so ó. Okùn bàtà náà, ẹ tì í bọ inú bàtà. Pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì tó di ẹsẹ̀ mú, torí bí ẹsẹ̀ bá fò kúrò lójú eré, pẹ́dàlì tó ń yí á máa gbá yín ní ojúgun.

Èyí tó burú jù kì í ṣẹlẹ̀ lójú títì rárá. Bí ẹ bá ń fi àkísà nu ṣéènì nílé, wíìlì ẹ̀yìn sì ń yí lókè, ẹ má fi ọwọ́ sún mọ́ eyín. Tí àkísà bá há, ìka á tẹ̀lé e, wíìlì kò sì ní dúró nítorí pé ẹ lọgun. Ẹ nu ibi ìsàlẹ̀ ṣéènì, láàrin iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ fi ọwọ́ kejì yí pẹ́dàlì fúnra yín, sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́. Kí àwọn ọmọdé má sí nítòsí.

Níbo ni mo ti lè kọ́ ọ?

Ibi tó fẹ̀ tó sì tẹ́jú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday. Ìtòsí Sports Complex nínú OAU dára. Ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ gùn ún lọ́ra, kí ẹ máa rán ara yín létí pé ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró. Ara yín á gbàgbé, pẹ́dàlì á sì ta yín sókè lórí ìjókòó. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ rọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ lórí bíréèkì.

Ní kọ́nà, ẹ má dagun púpọ̀. Pẹ́dàlì inú ò ní dúró lókè, ó lè gbálẹ̀ kó sì gbé wíìlì ẹ̀yìn fò. Kíráǹkì 165 mm dín ewu yìí kù ju ti 170 lọ.

Ṣé mo lè gùn ún dé Iléṣà?

Ẹ lè gùn ún, nǹkan bíi ọgbọ̀n kìlómítà ni. Òkè inú rẹ̀ kọ́ ló máa yọ yín lẹ́nu, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Pẹ̀lú 42 àti 17, bí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ yípo tó ìgbà 128 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ò lè dá a dúró, ẹ ò sì lè gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ ti lo bíréèkì láti òkè pátápátá, kó tó di pé ó sáré kọjá agbára yín, kí ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé àárín.

Tírélà ló tún kù. Ẹ jáde ní kùtùkùtù, kí ẹ sì ti dé Òṣú kí oòrùn tó mú.

Táyà ẹ̀yìn mi ń jẹ lójú kan ṣoṣo. Kí ló fà á?

Ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ dá wíìlì dúró kó máa yọ̀ nílẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ yín máa ń wà nígbà náà kì í yí padà, nítorí náà iye ojú tí táyà lè gbà fara kan ilẹ̀ wà lọ́wọ́ eyín. Ẹ pín eyín iwájú àti ẹ̀yìn títí wọn kò fi ní pín mọ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn ni iye ojú náà. 48 pẹ̀lú 16 di 3 pẹ̀lú 1: ojú kan péré, táyà á là sáká níbẹ̀. 42 pẹ̀lú 18 di 7 pẹ̀lú 3: ojú mẹ́ta. 42 pẹ̀lú 17 kò pín, ojú 17 nìyẹn.

Ìyàtọ̀ eyín kan ṣoṣo lẹ́yìn ni, táyà yín á sì pẹ́ lọ́nà tó jìnnà síra. Tàbí kí ẹ lo bíréèkì tí ẹ rà.

Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì mi ń mì tí mo bá tako pẹ́dàlì. Ṣé kí n kàn tún lọ́ọ̀kì-ríǹgì dè?

Ẹ dúró ná. Tó bá ń mì, ó ti ń jẹ tẹ́rẹ́dì họ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹ yọ lọ́ọ̀kì-ríǹgì, ẹ rántí pé ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ ó gbà tú u. Ẹ yọ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ tẹ́rẹ́dì. Tí orí tẹ́rẹ́dì bá ṣì mú, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí i, kí ẹ wé sípírọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Irinṣẹ́ tó ń dè é kò ṣòro: kí wẹ́dà jó ṣéènì àtijọ́ kúkúrú mọ́ irin pẹlẹbẹ kan, òun ni ẹ ó fi di eyín mú.

Ẹ dè é tagbáratagbára, kí ẹ dè lọ́ọ̀kì-ríǹgì, kí ẹ wá gùn ún gun òkè kan tó ga, ẹ tẹ̀ ẹ́ gidi, ẹ má tako ó rárá, bíréèkì ni kí ẹ fi dúró. Òkè á dè é ju bí ọwọ́ ṣe lè dè é lọ. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún lọ́ọ̀kì-ríǹgì dè, torí àyè díẹ̀ á ti yọ sílẹ̀.

Tí orí tẹ́rẹ́dì bá ti di pẹlẹbẹ, tàbí tí irin wínníwínní ń bá àkísà jáde, họ́ọ̀bù náà ti lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó sípírọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn: alumíníọ́ọ̀mù ni púpọ̀ nínú àwọn họ́ọ̀bù yìí, irin sì ni sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, wẹ́dà òpópónà kò lè so wọ́n pọ̀. Tí tẹ́rẹ́dì fíríwíìlì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ yí wíìlì padà kí ẹ máa gùn ún bẹ́ẹ̀ títí owó họ́ọ̀bù tuntun á fi pé.